Àwọn Wòlíì Aládúrà: Ìtàn Ìran Rírí Nínú Ìjọ Ilẹ̀ Yorùbá

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ènìyàn kì í dáwọ́ lé ohun ńlá láìwádìí ọ̀rọ̀ wò. Kí wọ́n tó gbéyàwó, kí wọ́n tó tẹ ìlú dó, kí wọ́n tó fi ọba jẹ tàbí kí wọ́n tó jáde ogun, wọn a tọ ẹni tí wọ́n gbà pé ojú rẹ̀ tó ibi tí ojú ẹlòmíràn kò tó lọ: babaláwo tí ń fi ikin tàbí ọ̀pẹ̀lẹ̀ dá Ifá, awo tí ń da owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún, aáfà tí ń tẹ yanrìn, tàbí elégùn, èyíinì ni ẹni tí òrìṣà ń gùn, tí òrìṣà náà yóò sì gba ẹnu rẹ̀ fọhùn. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àgbádárìgì àti Abẹ́òkúta ní àwọn ọdún 1840, wọ́n ka gbogbo èyí sí ìbọ̀rìṣà, wọ́n sì fi í ṣe èèwọ̀ fún ọmọ ìjọ, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ibi tí onígbàgbọ́ yóò ti béèrè ọ̀rọ̀ nígbà tí àbíkú bá ń yọ ìyá lẹ́nu, tí ọjà kò bá tà, tàbí tí àìsàn kan bá kọ oògùn. Wọ́n ní kí ó gbàdúrà, kí ó sì ní sùúrù. Ọ̀pọ̀ ló gba ọ̀rọ̀ náà ní gbangba, tí wọ́n sì ń yọ́ lọ sílé babaláwo lóru.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ìwé tí àwọn míṣọ́nnárì náà fi lé àwọn ènìyàn lọ́wọ́ kún fún àlá àti ìran. Nígbà tí Bíbélì Yorùbá parí ní 1884, lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther ṣe aṣáájú rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó mọ̀wé kà lè rí i fúnra rẹ̀ pé Jósẹ́fù lá àlá, àlá náà sì ṣẹ. Pé Sọ́ọ̀lù tọ Sámúẹ́lì aríran lọ nítorí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ baba rẹ̀ tó sọnù. Pé wòlíì Jóẹ́lì sì ṣèlérí pé àtọmọdé àtàgbà, àtọkùnrin àtobìnrin ni Ẹ̀mí yóò bà lé. Àwọn tó ka ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, tí wọ́n sì gbà wọ́n láìyọ ohunkóhun kúrò nínú wọn, ni wọ́n di aládúrà, orúkọ tí a fi ń pe àwọn ìjọ tí wọ́n gbé àdúrà, ààwẹ̀, ìwòsàn láìlo oògùn àti ìfihàn Ẹ̀mí Mímọ́ ga ju ohun gbogbo lọ. Ìjókòó tí wòlíì inú àwọn ìjọ wọ̀nyí jókòó sí kì í ṣe tuntun, nítorí àwọn Yorùbá ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ohun tí ó fi kún un ni pé ó ń kọ ohun tí ó rí sínú ìwé, tàbí kí ó ní ẹni tí ń bá a kọ ọ́.

Àjàkálẹ̀ àrùn inflúẹ́ńsà, ọ̀fìnkìn búburú tó gbayé kan ní 1918, ló ṣí ilẹ̀kùn fún wọn. Ọkọ̀ òkun ló gbé àrùn náà wọ Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, kò sì pẹ́ tó fi gba ojú irin àti ọ̀nà ọjà wọ àárín ilẹ̀. Ìjọba ti ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìjọsìn pa kí àwọn ènìyàn má baà ṣùpọ̀, oògùn òyìnbó kò sì rí àrùn náà gbé ṣe ju oògùn ìbílẹ̀ lọ. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ìjọ Áńgílíkà ti St. Saviour, àwọn onígbàgbọ́ díẹ̀ ti ń péjọ láti gbàdúrà lábẹ́ J. B. Ṣàdáre, ẹni tó sọ pé àlá ni Ọlọ́run fi darí òun láti kó wọn jọ. Láàárín wọn ni ọ̀dọ́mọbìnrin olùkọ́ kan wà, Sophia Ọdúnlámì, tí àrùn náà kọ lù, tí ó sì kéde nígbà tí ara rẹ̀ yá pé Ẹ̀mí bá òun sọ̀rọ̀, pé omi òjò ni Ọlọ́run yóò fi wo àwọn ènìyàn sàn, kí wọ́n sì yé lo oògùn. Ẹgbẹ́ náà ni a wá mọ̀ sí Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Ní 1922 wọ́n fi ìjọ Áńgílíkà sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ àti oògùn lílò, wọ́n sì so ara wọn mọ́ ìjọ kan ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà, Faith Tabernacle, tí wọn kò fojú rí rárá àfi nípasẹ̀ lẹ́tà àti ìwé ìròyìn tí ilé ìfìwéránṣẹ́ ń kó wá. Kò sí ju bẹ́ẹ̀ lọ láti sọ nípa Philadelphia, nítorí kì í ṣe ibẹ̀ ni agbára ìjọ náà ti wá. Láti inú àlá Ṣàdáre àti ohùn tí Sophia Ọdúnlámì gbọ́ ni.

Ní Èkó, ọ̀nà mìíràn ni ọ̀rọ̀ náà gbà wá. Moses Orímọládé Túnọláṣe, ọmọ Ìkàrẹ́, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dá pé láti kékeré, ti ń rìn káàkiri gẹ́gẹ́ bí oníwàásù tí kò ní ìjọ, títí dé ilẹ̀ Hausa, kí ó tó dé Èkó ní 1924, tí ó sì wọ̀ sí ìjọ Holy Trinity ní Ẹ̀bútẹ́-Èrò. Àwọn ará Èkó ni wọ́n sọ ọ́ ní Bàbá Aládúrà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà 1925, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, Christianah Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, lọ wo ìwọ́de ọdún Corpus Christi tí àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì ń ṣe ní Campos Square. Ó sọ lẹ́yìn náà pé òun rí áńgẹ́lì kan lábẹ́ agboòrùn tí wọ́n gbé ga sórí Ara Olúwa, pé áńgẹ́lì náà sì tẹ̀lé òun délé. Ọjọ́ pọ̀ díẹ̀ tó fi wà lójú ìran, ara rẹ̀ wà nílẹ̀ ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀, àwọn ẹbí sì ń bẹ̀rù pé yóò kú, títí wọ́n fi ránṣẹ́ pe Orímọládé, ó gbàdúrà sí i, ó sì jí. Láti ọjọ́ náà ni èrò ti ń wọ́ lọ síbẹ̀ láti gbọ́ ohun tí ó rí, ibẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ àdúrà kan ti bẹ̀rẹ̀.

Orúkọ ẹgbẹ́ náà pàápàá, ìran ni wọ́n fi rí i. Wọ́n gbààwẹ̀ kí Ọlọ́run lè fi orúkọ hàn wọ́n, obìnrin kan nínú wọn sì sọ pé òun rí lẹ́tà S àti E lójú ọ̀run, wọ́n sì mọ̀ pé Séráfù ni. Kérúbù ni wọ́n fi kún un lẹ́yìn náà. Ní 1927, Abíọ́dún, tí wọ́n ti ń pè ní Captain Abiodun, kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lẹ́yìn lọ sí àárín ilẹ̀, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń wàásù, wọ́n sì ń ríran fún àwọn ènìyàn ní ìlú dé ìlú. Ó yẹ kí a wo ohun tí èyí túmọ̀ sí ní àkókò náà: ọmọbìnrin tí kò tíì lé ní ogún ọdún ń dúró níwájú ọba àti ìjòyè, ó ń sọ ohun tí Ọlọ́run wí fún wọn, wọ́n sì ń gbọ́. Kò sí ìjọ míṣọ́nnárì kan tí ìbá fún un ní àyè bẹ́ẹ̀. Ìjà pín òun àti Orímọládé níyà ní 1929, Orímọládé sì kú ní 1933, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀ka tó jáde láti inú ìyapa náà kò dáwọ́ pípọ̀ sí i dúró.

Bí ìran ṣe ń wá nínú ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìjọ wọ̀nyí fara jọ ara láti ibì kan sí èkejì. Àwọn olùjọ́sìn wọ aṣọ àdúrà funfun, wọ́n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, tùràrí ń rú, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ sí orin tí wọ́n ń tún kọ títí ara yóò fi gbóná. Ara ẹnìkan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, orí rẹ̀ yóò máa mì, àwọn tó wà nítòsí yóò yà fún un kí ó má baà fara pa, wọn a sì sọ pé Ẹ̀mí ti gbé e. Nígbà tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, akọ̀wé kan tí a ti yàn fún iṣẹ́ náà yóò jókòó tì í pẹ̀lú ìwé àti lẹ́ẹ̀dì, yóò sì máa kọ ọ́ bó ṣe ń tẹnu rẹ̀ jáde: orúkọ ẹni tí a ríran sí, ohun tí a rí, ewu tó wà níwájú, àti iṣẹ́ ẹ̀mí tí ẹni náà gbọ́dọ̀ ṣe. Iṣẹ́ ẹ̀mí yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ gbogbogbòò. Sáàmù tí yóò kà, iye ìgbà tí yóò kà á, iye àbẹ́là tí yóò tàn, aago òru tí yóò jí, odò tí yóò lọ wẹ̀ àti iye ọjọ́ tí yóò fi gbààwẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ pàtó. Nígbà tí Ẹ̀mí bá fi aríran náà sílẹ̀, ó lè má rántí ohun kan nínú ohun tí ó sọ, nítorí náà ìwé akọ̀wé ni ẹ̀rí kan ṣoṣo tí ó wà.

Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń dífá yóò rí i kíá pé ọ̀nà kan náà ni ọ̀rọ̀ ń gbà: ẹni tí ìṣòro bá wá, iṣẹ́ jáde, a sì fi ohun ṣíṣe lé e lọ́wọ́, bó jẹ́ ẹbọ tàbí Sáàmù. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà tí àwọn tó ń sọ pé aládúrà kàn wọ aṣọ funfun fún babaláwo ni kì í kà sí. Babaláwo kì í ríran. Ẹsẹ Ifá tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ lẹ́sẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ ló ń kì, ìmọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹni tó jókòó kọ́ṣẹ́. Wòlíì kò nílò ìkọ́ṣẹ́. Ẹ̀mí lè gbé ọmọdé, ó lè gbé ìyálọ́jà, ó lè gbé ọmọ ọ̀dọ̀ tí kò mọ̀wé, ọ̀gá ilé yóò sì kúnlẹ̀ gbọ́ ohun tí ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ń sọ. Níbi tí èyí dé, elégùn ni wòlíì fi jọ ju babaláwo lọ, ìyẹn náà ló sì fà á tí obìnrin fi pọ̀ láàárín àwọn aríran láti ìbẹ̀rẹ̀ títí di òní.

Nínú gbogbo wọn, Josiah Olúnowó Òṣítẹ̀lú ti Ògèrè ní Ìjẹ̀bú Rẹ́mọ ló fi kíkọ sílẹ̀ ṣe iṣẹ́ jù. Olùkọ́ ìjọ Áńgílíkà ni. Lóru ọjọ́ kan ní oṣù karùn-ún 1925, bó ṣe sọ ọ́, ojú ńlá kan tí ń tàn bí oòrùn yọ sí i nínú yàrá, láti ìgbà náà ni ìran kò sì dáwọ́ dúró lára rẹ̀. Ó lọ́wọ́ nínú ààwẹ̀ gígùn, ìwà rẹ̀ sì yí padà tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọ Áńgílíkà fi lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní 1926. Ohun tí ó gbọ́ àti ohun tí ó rí ni ó ń kọ sínú ìwé lójoojúmọ́ pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n wá, títí wọ́n fi di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Àwọn orúkọ mímọ́ tí kò sí nínú èdè kankan wà níbẹ̀, àti irú lẹ́tà kan tí ó sọ pé Ẹ̀mí ló kọ́ òun. Ní 1929 ó jáde sí gbangba ní Ògèrè, ó ń kìlọ̀ ìdájọ́ fún àwọn abọ̀rìṣà, ó sì ń pè wọ́n wá sí ìwòsàn, ní oṣù keje 1930 ó sì dá Ìjọ Olúwa sílẹ̀ pẹ̀lú ènìyàn bíi mẹ́wàá. Harold Turner, ọ̀mọ̀wé ará New Zealand tó kọ ìtàn ìjọ náà jáde ní ìdìpọ̀ méjì ní 1967, ka àwọn ìwé wọ̀nyí. Bí Òṣítẹ̀lú kò bá kọ wọ́n, ìbá má sí ohun tí Turner yóò kà, ẹnu àwọn ọmọ ẹ̀yìn nìkan ni à bá sì ti máa gbọ́ bí wòlíì kan ṣe di wòlíì.

Joseph Ayọ̀ Babalọlá kò kọ ìwé bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ òun ni orúkọ rẹ̀ kàn jù. Ọdọ̀-Ọ̀wá, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara lónìí, ni wọ́n bí i sí ní 1904, awakọ̀ ẹ̀rọ tí ń tẹ títì ló sì jẹ́ lábẹ́ ẹ̀ka iṣẹ́ òde ti ìjọba. Ní oṣù kẹwàá 1928, ní ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, ẹ̀rọ náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sì gbà mọ́ bó ti wù kó tún un ṣe tó, nígbà náà ni ó gbọ́ ohùn kan tó pe orúkọ rẹ̀, tó ní kí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí ó máa lọ wàásù. Ó fi í sílẹ̀, ó padà sílé, ó ń lu agogo sí àwọn ènìyàn létí, ó ń sọ pé àjàkálẹ̀ ń bọ̀ bí wọn kò bá ronú pìwà dà. Àwọn àgbà Faith Tabernacle pè é wá sí Èkó, wọ́n sì rì í bọmi ní ìparí 1929.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Òkè-Oyè ní Iléṣà ní oṣù keje 1930 kò ní àfiwé nínú ìtàn ẹ̀sìn Kristẹni ní ilẹ̀ yìí títí di ìgbà náà. Àwọn àgbà ìjọ péjọ láti yanjú aáwọ̀ àárín wọn, ìròyìn sì tàn pé wòlíì tó bá wọn wá gbàdúrà sí ọmọ kan tó ti kú, tí ọmọ náà sì jí. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọ̀nà tó wọ Iléṣà kún fún èrò. Agogo àti ìgò omi làwọn ohun èlò Babalọlá. Àwọn ènìyàn ń gbé omi wá kí ó súre sí i, odò kan ní Òkè-Oyè sì di Omi Ayọ̀, tí wọ́n ń pọn lọ sí ìlú òkèèrè. Wọ́n ń kó oògùn, òǹdè àti ère òrìṣà jáde, wọ́n ń jó wọn níná. Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò gbà pé oògùn ń jẹ́. Ẹ̀rù oògùn náà ló ń bà wọ́n, wọ́n sì ti rí ẹni tí wọ́n gbà pé agbára rẹ̀ jù ú lọ. Ọdún tí owó kòkó ṣubú ni, tí gbèsè pọ̀, owó orí kò sì dúró de ẹnikẹ́ni, ọ̀pọ̀ tó wá síbẹ̀ ni babaláwo àti dókítà ti sú. Láti Iléṣà, ìsọjí náà dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, níbi tí Ọba Aládéjàre Àgúnsóyè ti gbàgbọ́, tí ó gba orúkọ Solomon, tí ó sì fún ìjọ ní ilẹ̀.

Ibì kan wà nínú ìtàn yìí tí kò yẹ kí a fi aṣọ bò. Ọ̀pọ̀ wòlíì àkókò náà ń tọ́ka sí àjẹ́. Òṣítẹ̀lú ṣe é, èyí sì wà lára ohun tí àwọn àgbà Faith Tabernacle fi kọ̀ láti bá a rìn ní 1931, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ orúkọ mímọ́ àti níní ìyàwó púpọ̀. Òfin ìjọba amúnisìn ka fífi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ènìyàn sí ẹ̀ṣẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ló sì gbé Babalọlá dé ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin ní 1932. Àwọn òǹkọ̀tàn inú ìjọ máa ń pe ẹ̀wọ̀n yìí ní inúnibíni, ó sì dájú pé ìjọba òyìnbó ń ṣọ́ àwọn aládúrà pẹ̀lú ìfura. Síbẹ̀, àwọn arúgbó obìnrin tí wọ́n fi ìka tọ́ka sí ní gbangba kò ní ẹni tó kọ ìtàn tiwọn. Ẹni tó bá yin wòlíì fún ẹ̀mí tó gbà là gbọ́dọ̀ ka orúkọ àwọn tí ọ̀rọ̀ wòlíì bà jẹ́ mọ́ ọn, bí orúkọ wọn bá tilẹ̀ ti sọnù.

Kí ìjọba lè yé fura sí wọn, àwọn aṣáájú Faith Tabernacle ké sí ìjọ Apostolic ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn míṣọ́nnárì wọn sì dé ní 1931. Kò pẹ́ tí wọ́n rí i pé àwọn òyìnbó tí ń wàásù ìwòsàn láti ọ̀run náà ń gbé kuiníìnì mì nítorí ibà, ìyẹn àti ọ̀rọ̀ ta ni yóò ṣàkóso ìjọ ló tú wọn ká ní ìparí àwọn ọdún 1930. Apá tó dúró ti Babalọlá gba ìwé àṣẹ ní 1943 gẹ́gẹ́ bí Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi, D. O. Odùbánjọ àti Isaac Babalọlá Akínyẹlé sì wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀. Akínyẹlé yìí ló kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn, òun náà ló sì jẹ Olúbàdàn ní 1955. Babalọlá kú ní Ẹdẹ ní 1959. Yunifásítì tí ìjọ náà fi orúkọ rẹ̀ sọ wà ní Ìkéjì-Arákejì, lójú ọ̀nà tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti dákẹ́.

Èyí tó gbẹ̀yìn nínú àwọn ìjọ ńlá wọ̀nyí, Àjàṣẹ́, èyíinì ni Porto-Novo ní ilẹ̀ Benin òde òní, ló ti jáde. Samuel Bilewu Joseph Oshoffa, káfíńtà tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, wọ inú igbó lọ láti wá igi tí yóò tà, ó sì wà níbẹ̀ ní oṣù karùn-ún 1947 nígbà tí òṣùpá dí oòrùn lójú. Ó ní ohùn kan bá òun sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn ọ̀sán yẹn. Ìtàn ìjọ sọ pé oṣù mẹ́ta ló fi sọnù sínú igbó kí ó tó jáde, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún náà sì ni a dá Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá sílẹ̀, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí Sẹ̀lẹ́. Àwọn apẹja tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín Àjàṣẹ́ àti Mákòókò ló gbé e dé Èkó ní àwọn ọdún 1950. Nínú ìjọ yìí ni a ti sọ iṣẹ́ ìran di oyè tó ní àtẹ̀gùn tirẹ̀, obìnrin sì lè gun àtẹ̀gùn wòlíì náà, bí wọn kò tilẹ̀ gbà á láyè láti wàásù lórí pẹpẹ. Oshoffa kú ní 1985, wọ́n sì sin ín sí Ìmẹ̀kọ.

Ìgbésí ayé àwọn wòlíì wọ̀nyí kò dúró nínú ìjọ nìkan. Eré àkọ́kọ́ tí Hubert Ògúndé, ọlọ́pàá nígbà náà, gbé jáde ní 1944, lórí ọgbà Édẹ́nì, Ìjọ Olúwa ní Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta ló ṣe é fún, láti ibẹ̀ ni eré orí ìtàgé alárìnjó tuntun ti gbilẹ̀. Ní 1960, Wọlé Ṣóyínká fi wòlíì etí òkun Èkó ṣe eré nínú The Trials of Brother Jero, ó sì fi hàn pé àwọn kan ti ń fi ìran ṣòwò. Òótọ́ ni, irú wọn sì wà títí di òní, pàápàá àwọn tí ń sọ tẹ́lẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan ẹni tí yóò wọlé ìbò àti ẹni ńlá tí yóò kú. Ṣùgbọ́n kò tọ́ kí a fi olè inú ọjà ṣe òṣùwọ̀n gbogbo ọlọ́jà. Nígbà tí Adéléke Adéjọbí gbé Ìjọ Olúwa dé London ní 1964, tí Kérúbù àti Séráfù sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀lé e, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ tí ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò kí káàbọ̀ rí ibi tí wọ́n ti lè béèrè ní èdè wọn bóyá ìdánwò yóò gbè wọ́n, bóyá ìwé ìgbélùú yóò jáde, àti bí ìyá wọn nílé yóò ṣe sàn.

J. D. Y. Peel tẹ ìwé rẹ̀ lórí àwọn aládúrà jáde ní 1968, Akin Ọmọyájowó sì kọ ìtàn Kérúbù àti Séráfù ní 1982. Iṣẹ́ wọn ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ wọ́n, díẹ̀ sì ni wọ́n lè kà nínú ohun tí àwọn akọ̀wé ìjọ ti kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ìjọ náà. Àwọn ìwé ìran yẹn wà nínú àpótí ní ẹ̀yìn pẹpẹ, lábẹ́ ibùsùn àwọn àgbà, àti nínú yàrá tí òjò ń kán sí: ohun tí ń bani lẹ́rù ní 1930, ohun tí àwọn ìyá ń bẹ̀bẹ̀ fún, ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ìwé ìjọba kankan, gbogbo rẹ̀ ní Yorùbá pọ́ńbélé láti ẹnu àwọn tí kò sẹ́ni tó bi ní nǹkan. Kí àwọn ìjọ tí wọ́n ní wọn yé fi wọ́n dáná nígbà tí wọ́n bá ń tún ilé ìjọsìn ṣe. Kí wọ́n fi orúkọ àwọn tí a ríran sí pamọ́, nítorí àṣírí ẹlòmíràn ni, kí wọ́n sì kó ìyókù fún àwọn ilé ìkówèésí tó lè tọ́jú wọn, kí ikán tó jẹ wọ́n tán.